Ilé Ìdáná àti Ibi Ìfọṣọ fún Ìdílé Tí Ọwọ́ Wọn Kì í Dilẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí ni tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́, tí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nílẹ̀, tí ìyá àgbà tàbí àbúrò kan sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìkòròdú tàbí Òṣogbo. Aago márùn-ún ìdájí, iná ti tàn ní kíṣìnì. Tó bá fi máa di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, aṣọ ìdọ̀tí ti kún apẹ̀rẹ̀ bámúbámú. Ohun tí irú wọn máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé tàbí tún ilé ṣe ni mo kó jọ síbí.

Mo fẹ́ ṣe kíṣìnì tuntun. Ṣé kápẹ́ńtà ni kí n kọ́kọ́ pè?

Púlọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé kọ́bọ́ọ̀dù ni àlejò máa ń yìn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tán agbára èèyàn nílé ìdáná kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, omi ni. Omi la fi ń fọ ìrẹsì, omi la ń gbé kaná, omi la fi ń ṣan abọ́ àná, omi náà la máa fi rẹ yúnífọ́ọ̀mù tí ọmọ da ọbẹ̀ sí. Bí síǹkì bá jìnnà sí iná, tí ibi ìfọṣọ sì wà ní igun mìíràn pátápátá nínú ilé, ẹ máa gbé garawa títí ẹ ó fi darúgbó síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó yan àwọ̀ kankan, ẹ mọ ibi tí omi ti ń wọlé, bí tánńkì ṣe ga tó, àti ibi tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àyè fún dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ayàwòrán ilé kì í sábà yà á sínú pílánì, àmọ́ ilé wo ni kò ti ń wúlò nígbà tí iná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan tí kànga ẹlẹ́rọ ò lè fa omi? Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Tẹ́ ẹ ò bá fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì tàbí nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àárín ọ̀nà ló máa bá yín gbé.

Ṣé ó dáa kí ibi ìfọṣọ wà nínú kíṣìnì?

Kí wọ́n jọ lo ògiri kan, kí wọ́n má jọ lo yàrá kan. Tí síǹkì kíṣìnì bá wà lára ògiri láti ìhà kan, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ sì fẹ̀yìn ti ògiri yẹn náà láti ìhà kejì, páìpù kan ṣoṣo ló máa gbé omi fún àwọn méjèèjì, ọ̀nà kan náà sì ni omi ìdọ̀tí wọn máa gbà lọ. Owó páìpù á dín kù, ibi tí omi ti lè jò náà á dín kù.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n wà nínú yàrá kan náà ni pé òórùn ẹja díndín ò mọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí àkísà. Bílíìṣì àti ọṣẹ pẹ̀lú ò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí àti èlùbọ́. Ètò tí mo fẹ́ràn jù rèé: kí ilé ìdáná wà lẹ́yìn ilé, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí yàrá kékeré tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé kan tí ìbú rẹ̀ tó mítà 1.8, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 2.4. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, síǹkì jíjìn kan, àti pèpéle sìmẹ́ńtì fún aṣọ tá a fẹ́ fọwọ́ fọ̀ á wà níbẹ̀, okùn ìsáṣọ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná lè máa fọṣọ lọ kí ẹ̀wà má jóná.

Tó bá jẹ́ àyè kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ gbé ẹ̀rọ sí igun tó jìnnà jù sí iná, nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Wọ́n ní kíṣìnì tó dáa gbọ́dọ̀ ní igun mẹ́ta. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

Síǹkì, iná ìdáná àti fìríìjì ni igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tẹ́ ẹ bá fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan má kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 4, kó má sì ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ, kí àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má kọjá 26. Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀rọ̀ igun mẹ́ta yìí di ìlànà fáwọn kọ́lékọ́lé ní àwọn ọdún 1940. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1926, obìnrin ayàwòrán ilé kan, Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ ilẹ̀ Austria, ti ya kíṣìnì kékeré kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ń kọ́ ní Jámánì. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.9, gígùn rẹ̀ jẹ́ 3.4, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun gbogbo wà níbi tí ọwọ́ lè tó.

Ìlànà náà wúlò, àmọ́ ó níbi tó mọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rò pé ó máa wà nínú kíṣìnì. Tiwa ńkọ́? Ìyá àgbà jókòó, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ìyàwó ń din ata. Ọmọ kan ń wá omi tútù, èkejì ń béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa jinná. Nítorí náà, nǹkan méjì ni mo máa ń fi kún un. Kí fìríìjì wà ní igun tó sún mọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀, kí ọmọ tó ń wá omi má baà gba iwájú epo gbígbóná kọjá. Kí àyè fún àpótí ìjókòó kan náà wà, níbi tí kò ní dí ọ̀nà. Ní ti fìrísà, kò sí lára igun mẹ́ta yẹn rárá. A kì í ṣí i léraléra, inú sítọ́ọ̀ ló yẹ ẹ́.

Bí pẹpẹ méjì bá kọjú síra, ínǹṣì 42 tó láàárín wọn fún ẹni kan. Bó bá jẹ́ èèyàn méjì ló sábà máa ń jọ dáná, ẹ jẹ́ kó tó 48.

Báwo ni kí pẹpẹ ṣe ga tó?

Sẹ̀ǹtímítà 90 ni kápẹ́ńtà máa ṣe fún yín bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan. Kí ẹni tó ń dáná jù nínú ilé dúró, kó ká apá rẹ̀, kẹ́ ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ìgunpá rẹ̀, kẹ́ ẹ wá yọ 10 sí 15 kúrò. Ibẹ̀ ni kí pẹpẹ wà. Ẹni tí kò ga púpọ̀ lè rí i pé 85 ló bá òun mu. Ìbú pẹpẹ jẹ́ 60. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 30 sí 35 lọ, kó sì fi nǹkan bíi 45 ga ju pẹpẹ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí yín ló máa máa gbá a.

Àmàlà ńkọ́? Kò rọrùn láti rò ó lórí gáàsì gíga.

Ẹ káre tẹ́ ẹ béèrè, torí ibí yìí ni àwọn àwòrán kíṣìnì tá à ń rí kiri ti máa ń já wa kulẹ̀. Ẹni tó ń rokà máa ń fi gbogbo ara rẹ̀ ti orógùn ni, agbára náà láti èjìká wá. Bí iná bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí ìkòkò fi bíi 25 ga sí i, ọwọ́ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọrùn yín. Kò sí bí kókó ò ṣe ní wà nínú ọkà yẹn.

Ẹ ṣe iná kan sílẹ̀. Pèpéle sìmẹ́ńtì tó ga ní 45 sí 50, tó ní táìlì lórí, tí ìbú àti gígùn rẹ̀ jẹ́ 60, pẹ̀lú gáàsì olójú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára. Kó fara ti ògiri, kí òrùka irin tó máa di ìkòkò mú wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa se ẹ̀wà rẹpẹtẹ, ibẹ̀ lẹ ti máa gbé ìkòkò ńlá kaná tí àlejò bá dé. Ìyá àgbà lè jókòó ti iná yìí kó dáná rẹ̀ láìdúró, èyí tí kò ní lè ṣe lórí ti òkè. Bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ fi ilẹ̀kùn kékeré dí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, torí iná ìsàlẹ̀ wà ní ìwọ̀n ọwọ́ wọn.

Ní ti iyán, odó fẹ́ ilẹ̀ tó le. Lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, táìlì á sán, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ á sì wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìnkùlé ni, lábẹ́ òrùlé. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìgúnyán lẹ ń lò, ẹ ṣe pẹpẹ tirẹ̀ sí ìwọ̀n ìbàdí, kó wà níbẹ̀ títí, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó wúwo tá a gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ó ti di ẹrù ọdún Kérésì nìyẹn.

Níbo ni kí sílíńdà gáàsì wà?

Ìta. Kí rọ́bà tàbí páìpù gba inú ògiri wọlé, kí sílíńdà wà ní ìdúró nínú àgò irin tí afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí bí omi, á sì máa wá ibi tó jìn láti wọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ wà nínú kòtò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò omi ìdọ̀tí, tí jẹnẹrétọ̀ náà ò sì gbọdọ̀ wà nítòsí rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà kílò 12.5 yẹn, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi ra ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Tó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láéláé. Bẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì nínú ilé, ẹ pa á láti orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tó ti wà ní títàn.

Gbogbo ẹni tó ń dáná nílé, títí kan ọmọ ọdún méjìlá tó ń se indomie fún àwọn àbúrò rẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, kí ọwọ́ wọn sì lè tó o.

Èéfín ata ń kún gbogbo ilé wa.

Bẹ́ ẹ bá ṣì ń ya pílánì, ẹ wo ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá. Ní ilẹ̀ wa, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ìyẹn láti ìhà òkun, ló ti ń fẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń yí padà, tí á wá máa ti àríwá ìlà oòrùn fẹ́. Kíṣìnì tó bá wà ní ìhà àríwá tàbí ìlà oòrùn ilé, èéfín rẹ̀ á máa lọ síta. Èyí tó wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn á máa fẹ́ tirẹ̀ wọ yàrá. Tí ilẹ̀ yín bá ti pinnu ọ̀rọ̀ náà fún yín, ẹ rí i pé fèrèsé kíṣìnì tó méjì, kí wọ́n wà lára ògiri méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín wúlò tó bá ní ihò tó jáde síta. Èyí tó kàn ń fa èéfín tó sì ń tú u padà sínú yàrá, owó lẹ fi ń ṣòfò.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó ni kí n ṣe?

Ẹ jẹ́ kó pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amp tá à ń lò, lórí iná 230 volt, kò lè gbé ju nǹkan bíi 3,000 watt lọ. Kẹ́tùlù kan lè jẹ 2,000. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbé omi kaná fúnra rẹ̀ náà lè jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó àwọn méjèèjì sórí wáyà ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, wáyà náà á gbóná, á máa rùn. Nítorí náà: fìríìjì ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìfọṣọ ní tirẹ̀, áyọ́ọ̀nù ní tirẹ̀, lẹ́yìn náà méjì tàbí mẹ́ta lórí pẹpẹ fún bíléńdà àti kẹ́tùlù. Kí ìkankan má wà lókè síǹkì tàbí lẹ́yìn gáàsì.

Bí ìńfátà bá wà, fìríìjì àti gílóòbù ni kó máa gbé. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ lè wà lórí rẹ̀ bẹ́ ẹ bá fi omi tútù fọ̀, torí iṣẹ́ gbígbé omi kaná ló ń jẹ iná jù. Ọṣẹ tá à ń lò lónìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tútù.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìfọṣọ, òjò ì báà máa rọ̀. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ wo ló dáa fún wa?

Ẹ wo tánńkì yín kẹ́ ẹ tó wo iye owó. Gbogbo mítà kan tí omi fi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, nǹkan bíi bar 0.1 ni agbára tó ń mú wá (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì). Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú ń béèrè bar 0.3 sí 0.5, ó kéré tán. Ẹ wo ìwé rẹ̀. Ìyẹn ni pé tánńkì tó fi mítà méjì péré ga ju ẹ̀rọ lọ kò lè bọ́ ọ: á máa dúró de omi, á máa tan iná pupa, ẹ ó sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún yín. Ẹ gbé tánńkì ga tàbí kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ti omi sí i.

Tí omi bá ń wá déédéé, olójú iwájú ni mo máa rà. Kì í lo omi púpọ̀. Èyí tó ń gba kílò 7 ń lo nǹkan bíi lítà 50 fún ìfọ̀ kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Ó ń fún aṣọ gbẹ dáadáa pẹ̀lú. Àmọ́ tí omi bá jẹ́ èyí tá à ń pọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ ra olójú méjì, èyí tó ń fọ̀ lápá kan tó ń fún lápá kejì. Garawa lẹ ó fi da omi sí i, bí iná bá lọ láàárín, ẹ ó fọwọ́ parí rẹ̀. Omi tó fi ṣan aṣọ funfun lè fọ aṣọ dúdú lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè fọ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tó máa dúró sí: ilẹ̀ tó tẹ́jú, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ga ju ilẹ̀ tó kù lọ kí omi má baà ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ihò omi sì wà nítòsí. Rọ́bà tó ń tú omi jáde gbọ́dọ̀ gòkè tó 60 sí 100 kó tó wọ páìpù. Bẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa gba omi lápá kan, á máa dà á nù lápá kejì.

Níbo la máa sá aṣọ sí, pàápàá nígbà òjò?

Okùn méjì lẹ nílò. Ọ̀kan nínú oòrùn gangan, ọ̀kan lábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, ti abẹ́ òrùlé lẹ ó máa lò jù. Nígbà ọyẹ́, aṣọ á gbẹ kíákíá, àmọ́ eruku á bà lé e, nítorí náà ẹ tètè ká a wọlé. Kí okùn ga tó tí aṣọ ìbora ò fi ní gbálẹ̀, kó má sì ga ju ibi tí ọwọ́ ẹni tó kúrú jù nínú àwọn tó ń sáṣọ lè tó.

Ẹ má tẹ́ aṣọ sórí koríko tàbí iyanrìn. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin síbi iyanrìn tó wà ní ibòji àti sára aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ẹni tó bá wọ aṣọ náà, ìdin eṣinṣin náà á wọ inú awọ ara rẹ̀, ibẹ̀ á wú bí eéwo. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń lọ nápíkìn ọmọ, àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, níwájú àti lẹ́yìn, títí dé ojú rírán. Nítorí náà, kí tábìlì ìlọṣọ wà láàárín okùn ìsáṣọ àti yàrá. Aṣọ tó bá ti kọjá lórí tábìlì yẹn ló lè wọ dúrọ́ọ̀.

Àdìrẹ àti aṣọ òkè lè wọ ẹ̀rọ?

Aṣọ òkè, rárá. Àdìrẹ tí wọ́n fi aró rẹ, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀, nínú omi tútù, ẹ sì sá a sí ibòji. Léèsì olókùúta, ọwọ́ ni. Àǹkárá kò ní wàhálà. Torí àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe ní kí síǹkì jíjìn àti pèpéle wà, bí ẹ̀rọ yín ì báà ti wọ́n tó.

Apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí mélòó?

Mẹ́ta: funfun, aláwọ̀, àti yúnífọ́ọ̀mù. Kí ọmọ tó bá ti lè sọ àwọ̀ fúnra rẹ̀ pín tirẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kọ́ ni wọ́n ń fọ yúnífọ́ọ̀mù, ọjọ́ Jímọ̀ ni, kí òjò tó bá yọjú lọ́jọ́ Sátidé má baà sọ Mọ́ńdè di ẹjọ́.

Báwo la ṣe lè tọ́jú oúnjẹ kí kòkòrò àti èkúté má jẹ ẹ́?

Sítọ́ọ̀ kékeré kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1.5 péré, ṣe iṣẹ́ ju kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́wàá lọ. Iṣu fẹ́ atẹ́gùn àti òkùnkùn: orí pákó tí àlàfo wà láàárín rẹ̀ ló máa wà, ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Gààrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà fẹ́ ike tó dé pinpin. Kẹ́ẹ̀gì epo wúwo, ilẹ̀ ni kó wà, kó má wà lórí pẹpẹ. Ohun tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni kó wà láàárín ìbàdí àti ojú, èyí tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni kó wà lókè.

Ìdílé tí ọwọ́ wọn dí máa ń din ata ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á pín in sínú ike kéékèèké, wọ́n á kó o sí fìrísà. Ẹ fi àyè pẹpẹ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìrísà fún iṣẹ́ yìí gan-an. Fìríìjì kó wà ní ìwọ̀n 4°C, fìrísà ní -18°C. Ọbẹ̀ tó ti kúrò lórí iná kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ ní irú ooru wa yìí.

Omi síǹkì wa kì í lọ dáadáa.

Epo ni. Epo ọbẹ̀ máa ń dì sínú páìpù. Ẹ fi bébà nu ìkòkò kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe tuntun, kí páìpù náà tó ínǹṣì méjì, kó máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún gbogbo mítà kan, kí kòtò kékeré tó ní ìdérí wà níta láti mú epo dúró kó tó dé sọkawéè. Ẹ ṣí kòtò yẹn lóòrèkóòrè, ẹ kó èyí tó ti dì kúrò.

Ilé àyágbé la wà. Lánlọ́ọ̀dù ò ní jẹ́ ká fọwọ́ kan ògiri.

Ẹ fi ohun tó ṣeé gbé kiri ṣe é. Tábìlì onígi tó ga bí pẹpẹ, tó ní táyà lẹ́sẹ̀, máa fún yín ní ibi ìgé-ẹ̀fọ́ tí ẹ lè tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pẹpẹ irin gíga tí kò nílò ìṣó gba ìkòkò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ sún fìríìjì kúrò níbi tí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú gbé e sí, bí ibẹ̀ kò bá bójú mu. Ọ̀pọ̀ ayálégbé kàn máa ń gbé tiwọn sí ojú àmì fìríìjì àtijọ́ lára ògiri, wọn ò ní bi ara wọn léèrè ìdí.

Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ ti ń jọ lo kíṣìnì pẹ̀lú àwọn ará ilé mìíràn, ẹ kó gbogbo ohun ìdáná ọjọ́ kan sínú agbọ̀n kan, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Ẹ máa fọṣọ ní ọjọ́ tí okùn bá ṣófo.

Ìlú Ọba là ń gbé. Inú kíṣìnì ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, abẹ́ pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ yí i padà nínú fúláàtì kékeré. Ẹ fọṣọ lálẹ́ lẹ́yìn tí ìdáná bá ti parí, kí ata má baà wọ inú aṣọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ din ẹja tàbí se pọ̀ǹmọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn tó wọ pálọ̀, ẹ ṣí fèrèsé kí aago èéfín má baà kó ládùúgbò jọ.

Sísá aṣọ sórí irin tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù ni ìṣòro tó tóbi jù. Omi tó jáde lára aṣọ ń lọ sára ògiri, ògiri á bu, á yọ àmì dúdú dúdú, ikọ́ àwọn ọmọ á sì burú sí i. Ẹ sá aṣọ sínú yàrá kan ṣoṣo tí fèrèsé rẹ̀ ṣí díẹ̀, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

Bílíìṣì àti kẹrosíìnì, níbo ni ká tọ́jú wọn sí?

Òkè, nínú kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ ní ibi ìfọṣọ, nínú ike tí wọ́n fi tà wọ́n. Kẹrosíìnì nínú ìgò omi tàbí ìgò míníráàsì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di èrò ọsibítù. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ oògùn ìfọ-ṣálángá tàbí nǹkan mìíràn tó jẹ́ kíkan. Afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde níbẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Pákó wo ni kí kápẹ́ńtà lò?

A ti wá dé ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà. MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ ṣe, máa ń wú tí omi bá kàn án, kò sì ní padà sípò. Lábẹ́ síǹkì, èmi ò ní lo pákó rárá: ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù mọ ẹsẹ̀ pẹpẹ, kó da kọnkéré lé e lórí, kó fi táìlì tàbí gíráńáìtì bò ó, kí kápẹ́ńtà wá ṣe ilẹ̀kùn nìkan. Níbi tó kù, pílánkì omi, tí wọ́n ń pè ní marine board, ni kó lò, kó fi nǹkan dí gbogbo ojú tó bá gé. Kí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí ilẹ̀, kó wọ inú díẹ̀ kí ẹsẹ̀ èèyàn rí ibi gbà. Dúrọ́ọ̀ ni kó ṣe nísàlẹ̀ dípò ilẹ̀kùn níbi tí owó bá gbà á, torí ìkòkò tó wà lẹ́yìn ìkòkò kì í ṣeé fà yọ láìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó àsansílẹ̀, ẹ fi ẹfun ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá náà, síǹkì, iná, fìríìjì, dúrọ́ọ̀mù. Kí ẹni tó ń dáná dúró sí àárín rẹ̀, kó ṣe bí ẹni ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀. Ibi tó bá ti ń fi ara gbá nǹkan, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tún un yà.